Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀: bí ewéko ṣe ń sọ bí ara igbó máńgúrófù ti le tó

Ẹ má fi ewé tútù tó wà lókè dá igbó máńgúrófù, àwọn igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí òkun àti ọ̀sà níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọlé, láre. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní báyọ́lọ́jì nìyẹn kí a tó kúrò ní Abẹ́òkúta rárá. Igbó lè tutù yọ̀yọ̀ lókè, kó sì jẹ́ pé àwọn àgbà igi nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, tí kò sí ọmọ igi kan nísàlẹ̀ tí yóò rọ́pò wọn. Àwọn àgbà ní òkèèrè la ti ń wo igi gogoro kó má baà gún ni lójú. Ní ti máńgúrófù, ẹni tó bá dúró lókèèrè wò ó kò tíì rí nǹkan kan. Ẹ kó sẹ́rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè pé kí ló kan ará Abẹ́òkúta nínú ọ̀rọ̀ igi etí òkun. Odò Ògùn tó ń gba abẹ́ afárá Láfẹńwá kọjá kò dúró sọ́dọ̀ wa, inú ọ̀sà Èkó ló ń lọ. Omi ọṣẹ tó bá odò Sókórì lọ, omi aró tí wọ́n dà sí gọ́tà ní Ìtòkú nígbà tí àdìrẹ ti mu tirẹ̀ tán, ọ̀rá piọ-wọ́tà tí èrò ọkọ̀ jù sílẹ̀ ní Kútọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àtidé ibẹ̀. Àwa la wà lókè odò, àwọn igi wọ̀nyẹn ló wà nísàlẹ̀. Abẹ́ gbòǹgbò wọn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja àti edé tí à ń rà lọ́jà ti ń sá pamọ́ dàgbà. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi odò ilé kọ́ ojú yín

Kí ẹ tó náwó ọkọ̀, ẹ lọ sí etí odò Ògùn láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá ti fà, ẹ wá ibi tí gọ́tà ńlá kan ti ń dà sínú odò. Ẹ dúró lókè ibẹ̀ díẹ̀, ẹ wo ewéko tó wà lójú omi. Lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi ti ń rọra lọ, kí ẹ tún wò.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò? A fi ń ṣàdúrà. Ṣùgbọ́n ìṣesí àwọn méjèèjì ò rí bákan náà. Òṣíbàtà ta gbòǹgbò mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, omi tó dákẹ́ tí kò jìn jù ló fẹ́. Ojú oró kò di ilẹ̀ mú, inú omi gan-an ni gbòǹgbò rẹ̀ ti ń fa oúnjẹ. Bí ìdọ̀tí bá ti pọ̀ nínú omi, oúnjẹ ojú oró ló pọ̀ yẹn. Á máa bímọ lé ọmọ títí yóò fi bo odò mọ́lẹ̀. Hayasíńtì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó ń yọ òdòdó elésè àlùkò, tí ọ̀pá ewé rẹ̀ wú tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i pé ó ti wọ Nàìjíríà, ó gba ojú omi láti orílẹ̀-èdè Benin wọlé sí ìhà Badagry.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ kó lọ sílé kò ju pé ewéko kì í ṣàdédé wà níbi tó wà. Tó bá ti mọ ìyẹn ní Láfẹńwá, ojú rẹ̀ ti là dé ìdajì ọ̀nà.

Dídé ibẹ̀

Rélùwéè ni mo fara mọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Láderin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, ẹ sọ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, kí ẹ wọ dánfó lọ sí Akọka. Máńgúrófù wà létí ọ̀sà níbi tí Yunifásítì Èkó wà. Ẹ kọ̀wé gbàṣẹ ṣáájú, ẹ má kàn kó ọmọ ọlọ́mọ wọ ilẹ̀ onílẹ̀.

Omi ọ̀sà ń kún, ó sì ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìgbà tó bá ń fà ni kí ẹ wọ inú igbó, kí ilẹ̀ lè hàn, kí ẹ sì ti jáde kó tó kún padà. Àwọn apẹja ló mọ àkókò yìí ju fóònù yín lọ. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe sọ fún mi pé, "Àǹtí, ibi tí ẹ dúró sí yẹn, ọkọ̀ la fi ń kọjá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ilẹ̀ gbígbẹ ni mo dúró sí, koríko ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwọn kan ti fi yanrìn kún ìtòsí ibẹ̀, omi ò sì rí ọ̀nà gbà mọ́. N kò lè rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kankan.

Igi mẹ́ta tó yẹ kí ẹ dá mọ̀

Máńgúrófù pupa ni àkọ́kọ́, Rhizophora ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, Rhizophora racemosa ló sì pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Òun ló sábà máa ń wà níwájú, létí omi. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ara igi sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó gbé igi náà dúró lórí omi bí alágéré. Ẹ yí ewé rẹ̀ dà, ẹ ó rí tótòtó dúdú wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni Avicennia germinans. Ẹ̀yìn ló sábà ń wà, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Gbòǹgbò tirẹ̀ ń ti inú ẹrẹ̀ yọrí sókè ṣóńṣó ṣóńṣó kó lè rí afẹ́fẹ́ mí, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju pẹ́ńsù lọ ní gígùn. Ní ọjọ́ tí òjò kò bá tíì rọ̀, ẹ fi ahọ́n kan ewé rẹ̀, ẹ ó tọ́ iyọ̀ wò, nítorí ewé náà ń tú iyọ̀ tó pọ̀ jù fún un jáde. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun tí mo lè kọ sójú pátákó lọ. Ibi tí epo bá ti kan ewé, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kéré sí àwọn yìí, Laguncularia racemosa. Ẹ wo ọ̀pá ewé rẹ̀ níbi tó ti pàdé ewé: kókó kékeré méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó parí.

Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, tí ẹ bá ń lọ síbi tí omi aládùn ti lágbára ju omi iyọ̀ lọ, ẹ ó máa rí igi ògùrọ̀. Níbi tí ògùrọ̀ bá ti ń hù láàárín àwọn àgbà máńgúrófù, iyọ̀ ti ń kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó dí omi òkun lọ́nà.

Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹ fi okùn yí ilẹ̀ kan ká nínú igbó, mítà márùn-ún níbùú, mítà márùn-ún lóròó. Ẹ ka ọmọ igi tó wà nínú rẹ̀, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún mọ́ ẹrẹ̀ tí kò tíì yọ ewé, èyí tó ti yọ ewé ṣùgbọ́n tí kò tíì dé orúnkún, àti èyí tó ti kọjá orúnkún.

Irúgbìn máńgúrófù pupa kì í dúró kó bọ́ sílẹ̀ kó tó hù. Orí ìyá rẹ̀ ló ti ń hù, tí yóò so rọ̀ sísàlẹ̀ gbọọrọ, tí yóò gùn tó rúlà ọmọ ilé ìwé tàbí kó jù ú lọ, kó tó já. Òmíràn á gún ẹrẹ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀, òmíràn á bá omi lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ọ̀wọ́ kìíní púpọ̀ tí ẹ kò sì rí ọ̀wọ́ kejì àti ìkẹta, àwọn ìyá ń bí, àwọn ọmọ ni kò yè. Ẹ wá ohun tó ń pa wọ́n. Nígbà mìíràn, ọ̀rá àti ìdọ̀tí tí omi gbé wá ló bò wọ́n tàbí tó tẹ̀ wọ́n lórí ba. Nígbà mìíràn, hayasíńtì ló rọ́ wọlé tó dùbúlẹ̀ lé wọn lórí. Tí kò bá sí ọ̀wọ́ kìíní pàápàá lákòókò tí igi ń so, ẹ wo òkè: bóyá àwọn ìyá fúnra wọn ti rẹ̀.

Ẹ má yára dájọ́ o. Lábẹ́ òjìji tó dúdú, ọmọ igi lè dúró pẹ́ láìga, kó máa retí ìmọ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ojú ibi tí igi ńlá ti ṣubú ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọmọ igi bá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, igbó náà ń tọ́jú ara rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó bá igi tó kú yípo bíríkítí láàárín igbó tó sì yè dáadáa yí ká. Mànàmáná ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ igi bá ti ń yọ nínú òbìrìkítí náà, ẹ rọra kọjá lọ. Ibi tó kú tí omi rọ́gọ́dọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tàbí odi tí wọ́n mọ ni kó kó yín láyà sókè. Omi tó yẹ kó máa wọlé máa jáde ló ti há síbẹ̀.

Ẹ tún wo àwọ̀ irúgbìn tó so rọ̀ lórí máńgúrófù pupa. Àwọ̀ ewé ló yẹ kó jẹ́. Tí ẹ bá rí èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé kò ní àwọ̀ ewé lára rárá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì ka iye igi tó ń so irú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ní Puerto Rico ní àwọn ọdún 1990 rí i pé irú igi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i níbi tí ẹ̀gbin epo rọ̀bì bá ti pọ̀ nínú ẹrẹ̀. Igi kan ṣoṣo kò jẹ́ ẹ̀rí. Tí wọ́n bá ti pọ̀, ọ̀rọ̀ dé.

Ní ti gbòǹgbò Avicennia tó yọrí, ẹ fi igi mẹ́rin tí gígùn wọn jẹ́ ìdajì mítà ṣe fírémù, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ ka ṣóńṣó tó wà nínú rẹ̀. Iye tí ẹ bá kà lónìí kò sọ nǹkan púpọ̀, àfi tí ẹ bá padà kà á ní ọdún tó ń bọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni ìrísí wọn. Èyí tí orí rẹ̀ nìkan ló yọ díẹ̀ lókè yanrìn ń rì lọ, tí yanrìn bá sì bò ó tán, igi náà kò rí ibi mí mọ́. Kì í kú lọ́jọ́ yẹn. Ó lè máa tutù lọ fún ìgbà díẹ̀, òun ni mo ṣe ní kí ẹ má gba ewé gbọ́. Tí gbòǹgbò náà bá pẹ̀ka, tàbí tí ẹ bá rí gbòǹgbò tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ tó ń yọ láti ara igi lókè ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ni igi náà ń wá kiri. Omi tó dúró pẹ́ jù tàbí epo ló sábà ń fà á.

Ẹ fi èékánná họ gbòǹgbò díẹ̀. Epo tó ti gbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ dúdú. Nínú ìwádìí tí àjọ UNEP ti ìparapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ilẹ̀ Ogoni, tí wọ́n gbé jáde ní 2011, wọ́n bá máńgúrófù tí ewé ti wọ́ tán lórí rẹ̀, tí èròjà bí ọ̀dà sì bo gbòǹgbò rẹ̀, tó ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Epo inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lásán kò lè bo gbòǹgbò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ihò ìmí wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò náà ló ń dí.

Àwọn àlejò tó ń tú àṣírí

Ewéko kan wà tó jẹ́ pé tó bá ti gba ilẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gé igi níbẹ̀ rí. Fern tó ń gbé inú omi iyọ̀ ni, Acrostichum aureum. Ó ga ju ènìyàn lọ nígbà mìíràn, ewé rẹ̀ nípọn, ẹ̀yìn àwọn ewé tó wà lókè pátápátá sì ní ìyẹ̀fun àwọ̀ ilẹ̀. Díẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn igbó, níbi tí ilẹ̀ ti ga, kò burú, ilé rẹ̀ ni. Tó bá ti wá dí gbágbá láàárín igbó, ọmọ máńgúrófù kì í lè yọrí nínú rẹ̀. Koríko Paspalum vaginatum náà bẹ́ẹ̀: ó ń rá bo ẹrẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ó sì máa ń tutù débi pé àwọn tó wá ya fọ́tò á ní ibẹ̀ rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́. Kì í ṣe igbó mọ́ ni.

Èyí tí gbogbo yín mọ̀ láti Abẹ́òkúta ni ewé Akíntọ́lá, tí à ń fún sójú ọgbẹ́. Kò lè fara da ilẹ̀ tí omi iyọ̀ ń bò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí ẹ bá bá a níbi tí kùkùté máńgúrófù ṣì wà, omi ti ṣíwọ́ wíwá síbẹ̀, yálà wọ́n fi yanrìn kún un ni tàbí wọ́n dí ọ̀nà omi. N kò mọ àmì kankan tó yá ju èyí lọ.

Nípa hayasíńtì àti ojú oró, ẹ wo oṣù kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ní àkókò òjò, odò máa ń tú omi aládùn sínú ọ̀sà, á sì gbé wọn wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á pọ̀ sí i, wọ́n á sì rọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Bí ẹ bá bá wọn ní oṣù kẹta tí wọ́n ṣì tutù nídìí máńgúrófù, iyọ̀ kò dé ibẹ̀ nìyẹn.

Àlejò tó burú jù ni ọ̀pẹ Nypa. Kò ní ara lókè ilẹ̀ bíi ọ̀pẹ tiwa, inú ẹrẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti ń yọ tààrà lọ sókè. Ọdún 1906 ni wọ́n gbé e láti ọgbà ewéko Singapore wá sí Calabar, wọ́n ní kó bá àwọn di etí omi mú kó má ya lulẹ̀. Ó di í mú lóòótọ́, ó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ lọ káàkiri Niger Delta. Kò ní gbòǹgbò títẹ̀ tí ọmọ ẹja lè sá sí. Èso rẹ̀ ń léfòó, nítorí náà ẹyọ kan létí omi tó láti kọ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ni ilẹ̀ kó tó di ọgọ́rùn-ún.

Kùkùté àti orí igi

Àwọn tó ń yan ẹja fẹ́ràn igi máńgúrófù pupa nítorí iná rẹ̀ gbóná, ó sì ń pẹ́. Ẹ ò ní ṣàìbá kùkùté. Ẹ wo bóyá ó ń rú. Tí wọ́n bá gé Avicennia tàbí Laguncularia, ó sábà máa ń yọ ẹ̀ka tuntun láti ara kùkùté. Máńgúrófù pupa tó ti dàgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gé e kọjá ibi tí ewé wà, ó parí fún un. Ìdí nìyẹn tí igbó tí wọ́n ti ń gé igi tipẹ́ fi máa ń kún fún Avicennia onígi púpọ̀ lórí ìdí kan, tí pupa á sì máa dín kù. Mo kà irú igbó bẹ́ẹ̀ sí igbó tó rẹ̀, bó ti wù kó dí tó.

Lókè, ewé tó pọ́n nísàlẹ̀ ẹ̀ka kò jẹ́ nǹkan, ewé àgbà ló ń já. Ewé tuntun tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka ni kí ẹ wò. Tó bá kéré, tó pọ́n, tàbí tó jẹ́ pé ewé mẹ́ta mẹ́rin péré ló kù níbi tí ìdìpọ̀ ewé yẹ kó wà, igi náà ń jìyà. Tí ẹ bá sì ń rí orí igi tó pá láàárín ọ̀pọ̀ igi, ẹ padà sí ìdí wọn.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ibi kan náà, oṣù kan náà, lọ́dọọdún. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ni mo yàn, nítorí ilẹ̀ ń hàn, iyọ̀ sì wà nínú omi. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi kan, kí ẹ sì máa ya fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síhà kan náà. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà, iye ọmọ igi ní ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ewéko àlejò tí ẹ rí àti bó ti tóbi tó. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹni tó ni ilẹ̀. Ní tèmi, mo máa ń ní kí ọmọ méjì ka okùn kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí iye wọn ò bá bára mu, kí wọ́n jọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n máa bá ara wọn jà níbẹ̀. Wọ́n á rí ohun tí n kò tíì fi hàn wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi yúnífọ́ọ̀mù funfun rán ọmọ wá. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn yẹn kò túmọ̀ sí pé igbó ń ṣàìsàn, bí ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ṣe máa ń rùn nìyẹn. Bàtà òjò, ṣòkòtò àtijọ́, omi mímu, ìwé àti pẹ́ńsù. Báírò kì í kọ nǹkan lórí ìwé tó ti tutù.